Fítámínì D fún ọmọ tí kò pé oṣù: ṣé àjẹsára ni, àbí oògùn eegun?

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ 31 ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin, kílò 1.45 ló wọ̀n, a lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́sibítù, Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n dá wa sílẹ̀, ó ti wọ kílò 2. Dókítà wa ní Ìbàdàn kọ fítámínì D olómi fún wa, yúnìtì 400 lójúmọ́, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámínì alápapọ̀. Wàhálà tó wà nílẹ̀ rèé: ìyá ọkọ mi ní kí n má nawó sí nǹkan tí Ọlọ́run ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kí n máa gbọ́mọ sóòrùn láàárọ̀, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe tọ́ àwọn ọmọ tàwọn. Àbúrò mi tó wà ní London ní 400 ti kéré jù, pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 30, bíi 1,000 ni wọ́n ń fún un. Lórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ́n tún gbé e wá pé fítámínì D ni àjẹsára ọmọ tí kò pé oṣù, pé tó bá ti ń mu ún dáadáa, òtútù àyà ò lè mú un. Ará ilé wa kan sì ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ ọ́ di méjì lójúmọ́ ni, àbí kí n pa á tì kí n máa gbé e sóòrùn?

* * *

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má sọ ọ́ di méjì, ẹ má sì pa á tì. Ẹ máa fún un ní 400 tí wọ́n kọ fún yín. Èyí tó kù la máa jọ fà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 19 ni mo ti wà nínú yàrá àwọn ọmọ tí kò pé oṣù, yàrá tó máa ń gbóná bí ìdí ààrò, tí ẹ máa wọlé tí ẹ máa rí ọmọ tí gbogbo apá ẹ̀ ò ju ìka àtàǹpàkò yín lọ. Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí mo kà nìkan.

Iṣẹ́ tí fítámínì D wá ṣe lára ọmọ yín, eegun ni. Ọmọ tó wà nínú ikùn, oṣù mẹ́ta ìparí ló máa ń kó kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, jọ, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo kálísíọ̀mù tí ọmọ tó pé oṣù ń gbé wáyé, àsìkò yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 31 ni tiyín jáde. Ó ti kúrò lọ́jà kí wọ́n tó pàtẹ. Fítámínì D yẹn ni ìfun fi ń gba kálísíọ̀mù inú omi ọmú wọlé, tí kò bá sí, kálísíọ̀mù á kàn gba ibẹ̀ kọjá sínú ìtẹ́dìí.

Ẹ ò wá ní sọ pé ọmú yín ò dáa, ó dáa gan-an, àmọ́ D inú ẹ̀ kéré. Lítà omi ọmú kan, ìyá tó jẹun kánú pàápàá, kì í sábàá ju yúnìtì 80 lọ, ti ọ̀pọ̀ ìyá kéré jùyẹn lọ fíìfíì. Ọmọ kílò 2 tó ń mu 160 ml fún kílò kan lójúmọ́, 320 ml nìyẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀, kò pé 30 yúnìtì. 400 la ń wá. Ohun tí dókítà kọ ò ju àlàfo yẹn lọ, kì í ṣe pé ó fẹ́ ta oògùn.

Tẹ́ ẹ bá rí 10 mcg lára ìgò dípò 400 IU (IU ni yúnìtì tí mò ń sọ), ẹ má jáyà, nǹkan kan náà ni.

* * *

Mo rí i pé èèyàn mẹ́ta ló ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí pé "àjẹsára ni o, wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀." Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ rèé. Lọ́dún 2006 àwọn kan ní Los Angeles fi hàn pé tí ẹ̀jẹ̀ funfun kan bá ti fura sí kòkòrò ikọ́ ife, ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún fítámínì D, á fi D yẹn ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní cathelicidin, oró ni, oró tí ara fúnra ẹ̀ ń pò láti fi pa kòkòrò. Wọ́n tún fi omi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà, tí D inú ẹ̀ kéré, dán an wò, oró yẹn ò jáde tó bó ṣe yẹ, ìgbà tí wọ́n fi D kún un ló tó pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò jiyàn. Ibẹ̀ ni gbogbo WhatsApp yín ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ inú ike yàrá àyẹ̀wò ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ kì í gbé inú ike.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ gidi ńkọ́? Ní Kabul ní Afghanistan, wọ́n kó ọmọ 3,046 jọ tí wọn ò tíì pé ọdún kan, wọ́n ń fún ìdajì wọn ní 100,000 yúnìtì lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan àtààbọ̀, wọ́n ń fún ìdajì yòókù ní nǹkan mìíràn tí kò ní D nínú. Àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2012: òtútù àyà ò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó mu àti ẹni tí kò mu, bákan náà ló ń mú wọn. Ẹ sì rántí pé òtútù àyà gan-an ni WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì yín dárúkọ.

Ní Delhi, wọ́n kó ọmọ 2,079 tó pé oṣù àmọ́ tí ìwọ̀n wọn kéré nígbà tí wọ́n bí wọn, wọ́n ń fún àwọn kan nínú wọn ní yúnìtì 1,400 lọ́sẹ̀ kan títí wọ́n fi pé oṣù mẹ́fà. Ikú àti gbígbà sọ́sibítù, kò dín. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí, àwọn tó mu ún fi díẹ̀ ga ju àwọn tí kò mu lọ, wọ́n sì fi díẹ̀ wúwo jù wọ́n lọ. Ibi tí mo wà látàárọ̀ náà nìyẹn, eegun àti ìdàgbà.

Ọ̀kan ṣoṣo tó sún mọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni ti Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2018, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ nítorí pé ọmọ tí kò pé oṣù ni gbogbo wọn, ọmọ dúdú sì ni gbogbo wọn, 300, láti ọ̀sẹ̀ 28 sí 36. Àwọn kan ń gba 400 lójúmọ́ títí wọ́n fi pé oṣù mẹ́fà tí a bá kà á láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí wọn, àwọn yòókù, gbàrà tí oúnjẹ wọn bá ti ń fún wọn ní 200, nǹkan tí kò ní D nínú ni wọ́n ń gbà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pé ọdún kan, àwọn tí àyà wọn ń dún fín-ín-fín-ín léraléra jẹ́ 31 nínú 100 lára àwọn tó ń gba 400 títí, 42 nínú 100 lára àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ gidi ni. Àmọ́ ẹ wo iye tí wọ́n fún wọn: 400. Kì í ṣe 1,000, kì í ṣe ìlọ́po méjì. 400 tí dókítà Ìbàdàn kọ fún ìyá yìí náà ni. Àyà tó ń dún ni wọ́n sì wò, wọn ò sọ pé kòkòrò ò lè wọlé mọ́.

* * *

Sí ẹni tó kọ ọ́ pé "ẹ dúpẹ́ pé oṣù méje ni, ọmọ oṣù méje máa ń yè, ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè": ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá àgbà tèmi náà, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí wọ́n fi lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá wa, ọmọ ọ̀sẹ̀ 34 máa ń ta ọmọ ọ̀sẹ̀ 31 yọ lójoojúmọ́ ayé. Ó sábà máa ń mu ọmú fúnra ẹ̀, kì í sì sábà gbàgbé láti mí.

Ó sì kan ọ̀rọ̀ wa tààrà, ẹ má rò pé mo ti yà bàrá. Ara ọmọ tuntun ò tíì mọ ogun jà, ọmọ ogun ìyá ló ń yá lò. Ìyá máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i láti inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ gba inú ibi ọmọ, àmọ́ bíi ti kálísíọ̀mù yẹn náà, oṣù mẹ́ta ìparí ni ìránṣẹ́ yẹn máa ń pọ̀, ó ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di ọjọ́ ìbí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò sí i nínú ikùn, àwọn ọmọ ogun ń wọlé sí i ni. Ọmọ oṣù mẹ́jọ gbà jù ọmọ oṣù méje lọ.

Ìdí tí ọmọ yín fi tètè lè kó àrùn nìyẹn. Ọmọ ogun ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Kò sì sí ìgò kankan lọ́wọ́ oníkẹ́mísì tó ní wọn nínú, ìgò D kọ́, ìgò tí wọ́n kọ "immune booster" sí kọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ oòrùn. Èyí ni mo mọ̀ pé ó máa dá ìjà sílẹ̀, torí ìyá ọkọ wà nínú ẹ̀.

Màmá ò purọ́. Oòrùn ni awọ ara fi ń ṣe fítámínì D, lóòótọ́, ó sì pọ̀ nílẹ̀ wa ju ti London lọ. Àmọ́ ọmọ tí màmá tọ́, ó pé oṣù, ó sanra, ó lọ́ràá lábẹ́ awọ. Tiyín ṣì jẹ́ kílò 2. Ẹ tú u sílẹ̀ ní ìhòòhò lágbàlá ní aago méje àárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ fi tẹmọ́mítà sí i lábíyá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wò ó bóyá kò ní ti sọ̀ sábẹ́ 36.5. Òtútù nìkan tó láti jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má lè mu ọmú mọ́, kó sì máa lo gbogbo agbára tó fẹ́ fi dàgbà láti fi wá ooru.

Oòrùn aago méje tí gbogbo yín ń sọ yẹn gan-an, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtànṣán tó ń ṣe D nínú, torí oòrùn ṣì wà nílẹ̀, ìtànṣán yẹn ti ṣègbé sínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìgbà tó bá gùn ókè ló máa ń wà, ìgbà yẹn ló sì máa ń jó awọ ọmọ. Àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà sọ ọ́ pàtó pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n má gbé e sínú oòrùn gangan.

Ẹni tó ní òun máa ń gbé tòun sí ẹ̀yìn fèrèsé onígíláàsì kí òtútù má bàa mú un: ẹ kú làálàá, àmọ́ gíláàsì ò jẹ́ kí ìtànṣán yẹn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, D ò wọlé.

"Ṣebí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ ní ká máa gbọ́mọ sóòrùn fún ibà pọ́njú?" Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ ìpọ́n lójú ọmọ kì í ṣe ìtànṣán tó ń ṣe D. Níbí ní Èkó ni wọ́n ti dán an wò, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2015: wọ́n ta ibòòrùn oníke pàtàkì kan, àwọn ọmọ tí ojú wọn pọ́n wà lábẹ́ ẹ̀, ike yẹn ń sé ìtànṣán tó ń jóni mọ́ta, ó ń dín ooru kù, ó wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wo ibà náà kọjá. Ó ṣiṣẹ́ bíi tiná mànàmáná ọsibítù. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ṣe wàhálà tó láti lè lo oòrùn fún ìkókó láìléwu. Agbàlá tiyín ò ní irú ike yẹn.

Kí n tún fi ti Jos kún un, torí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ ní Jos, ìlú tí oòrùn ti ń ràn, ìwádìí tó jáde lọ́dún 1999 rí i pé kálísíọ̀mù ni kò tó nínú oúnjẹ wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù, pẹ̀lú D tàbí láìsí D, sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní D nìkan. Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ D di òrìṣà, ẹ rọra. Ọmọ tí kò pé oṣù náà, àìtó kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì, èròjà eegun mìíràn, ló sábà máa ń jẹ́ kí eegun ẹ̀ rọ̀. Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún fọ́sífétì nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ má sá.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìgò, torí ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí jù, ẹnì kankan ò sì tíì béèrè ẹ̀.

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ padà wá bá wa. Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ ń bì, kò yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ìtọ̀ ń ya lára ẹ̀ ṣáá, ó fa ọmú lẹ́ẹ̀mejì ó fi sílẹ̀, ojú ẹ̀ ti jìn. Gbogbo wa rò pé kòkòrò ló wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo béèrè pé ẹ kó gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń fún un jáde. Ó tú báàgì, ìgò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ìgò tó rẹwà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìka mi lọ.

Ìwé tí wọ́n kọ fún un nígbà tó ń lọ sọ pé 1 ml lójúmọ́. Ìgò tó wà níbi tiwa lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, 1 ml ẹ̀ ló ní 400. Ìgò tòkè òkun yẹn, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ní 400. Mo fi sírínjì fa 1 ml jáde níbẹ̀, mo ń kán an sórí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi àti ọ̀gá mi jọ ń kà á. Nígbà tá a kà dé 20 ọ̀gá mi dákẹ́. 31 ló parí sí. 31 lọ́nà 400 jẹ́ 12,400, lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, fún ọmọ tí kò tíì pé kílò méjì ààbọ̀. Ìyá yẹn ò ṣàṣìṣe kankan o, ohun tí wọ́n kọ fún un ló ṣe, a kò sọ fún un pé ìgò yàtọ̀ síra. Kálísíọ̀mù ti kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Omi la fi ń fọ̀ ọ́ jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Lọ́dún 2010, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ike ìkánsí kan tí wọ́n ń fi sínú páálí D ìkókó ń gbà ju 400 lọ, pé kí wọ́n má jẹ́ kó gbà jù bẹ́ẹ̀.

D kì í ṣe bíi fítámínì C tí ara á tọ̀ dànù. Inú ọ̀rá ló máa ń sá pa mọ́ sí, tó bá ti pọ̀ jù, ó pẹ́ kó tó jáde, kíndìnrín ló sì máa ń jìyà ẹ̀. Ìyá tó fẹ́ sọ ọ́ di méjì, ẹ gbọ́ bí?

* * *

Ìjà London àti Ìbàdàn. Àbúrò yín ò purọ́, dókítà yín náà ò sì ṣi ìwé kọ.

Àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní 400 fún gbogbo ìkókó láti ọdún 2008. Àwọn ti Yúróòpù, fún ọmọ tí kò pé oṣù, ní 800 sí 1,000 lọ́dún 2010, nígbà tó dọdún 2022 wọ́n yí i padà sí 400 sí 700 fún kílò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kó má ju 1,000 lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lọ́dún 2022 kan náà, ní ẹ lè fún ọmọ tí kò pé oṣù tó ń mu ọmú tí kò rí D níbòmíràn. Ẹ rí i pé ọ̀nà ò dọ́gba, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jọ rìn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí rèé. Ẹ ní wọ́n tún kọ fítámínì alápapọ̀ fún un. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní D nínú tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní 400 gbáko. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ti ń gba 800, àbúrò yín ní London àti dókítà yín ní Ìbàdàn ń sọ nǹkan kan náà láìmọ̀, tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di méjì, 1,200 nìyẹn, ó ti kọjá ibi tí àwọn Yúróòpù gan-an fi ìlà sí. Wàrà inú agolo náà, pàápàá tàwọn ọmọ tí kò pé oṣù, D wà nínú ẹ̀. Ní ìlú òyìnbó ọ̀hún, ọmọ tó pé oṣù tó bá ti ń mu ju 500 ml wàrà agolo lọ lójúmọ́, wọ́n ní kí wọ́n má fún un ní D mọ́.

Ẹni tó béèrè nípa àyẹ̀wò iye D inú ẹ̀jẹ̀, tó ní wọ́n kọ 22 fún òun tí gúgù sì sọ fún un pé 50 ló yẹ: ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n. 20 ní ng/mL ni 50 ní nmol/L. 22 tiyín yẹn tó bá jẹ́ ng/mL, ó ti kọjá. Ẹ sùn dáadáa.

* * *

"Tí D kì í bá ṣe àjẹsára, kí ló wá kù fún wa?" Ẹni tó béèrè èyí bínú díẹ̀, mo sì gbà á.

Ẹ gbé ọmọ sáyà. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o, ẹ bọ́ aṣọ ọmọ kó ku ìtẹ́dìí àti fìlà, ẹ dì í mọ́ àyà yín ní ìhòòhò, awọ sí awọ, ẹ fi aṣọ ọ̀já gbá a mọ́ra. Kangaroo ni wọ́n ń pè é. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ti dán an wò, pẹ̀lú Ghana, Malawi, Tanzania àti India, ọmọ 3,211 tí ìwọ̀n wọn jẹ́ láti kílò 1 sí díẹ̀ dín ní 1.8. Àwọn tí wọ́n gbé sáyà ní gbàrà tí wọ́n bí wọn, láìdúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, 12 ló kú nínú 100 láàárín ọjọ́ 28, àwọn tó dúró, nǹkan bíi 16. Ọdún 2021 ló jáde. Àwọn tí wọ́n fura pé kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ wọn náà dín kù. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìyá ọkọ yín tó fẹ́ nǹkan ọ̀fẹ́, ẹ fi èyí hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn náà gbé e sáyà nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀, mo ti rí i lójú ìyá ọkọ tó pọ̀.

Omi ọmú yín, àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́nà níbẹ̀. Nítorí náà ọmú nìkan, kò sí omi, kò sí àgbo. Mo mọ̀ pé àgbo máa bí àwọn kan nínú, a óò jà á lọ́jọ́ mìíràn.

Ará ilé tó ń wúkọ́ yẹn, ẹ má tijú. Kó má wọ yàrá ọmọ, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́mọ, kó fi ọṣẹ fọwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

* * *

Ìyá ìkókó ti padà wá, ó fi fọ́tò ìgò méjèèjì ránṣẹ́, ẹ ṣeun. Fún àwọn tí kò rí i: ìgò D yẹn, ẹ̀kán 5 ló ní 400. Fítámínì alápapọ̀, D wà nínú ẹ̀, 200 nínú 0.3 ml tí wọ́n kọ fún un. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 600. Ó ti tó, kò sì pọ̀. Ẹ̀kán 5, kì í ṣe 6. Ẹ kán an sórí ṣíbí, ẹ fún omi ọmú díẹ̀ sí i, ẹ fi ṣíbí fún un. Ẹ má dà á sínú ike ọmú tó kún, torí tí kò bá mu ún tán, ẹ ò ní mọ iye tó wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ẹnu ọmọ.

Ẹ tún béèrè pé ṣé òótọ́ ni ohun tí aládùúgbò yín sọ, pé ọmọ tí kò pé oṣù kì í gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àfi tó bá dé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i. Irọ́ gbáà ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an la ń kà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ lò lọ́sibítù, láti Jímọ̀ títí di òní, ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà òtútù àyà àti abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tó ń dènà àrùn márùn-ún kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìlera ìjọba. Ẹ mú káàdì ẹ̀ dání, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ 31 lẹ bí i, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gún un. Tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ padà lọ títí á fi sanra, ẹ ní kó pe ọ̀gá ẹ̀.